Agolo Iyọ̀

Ìwé kẹta ni mo wà ní Ògbómọ̀ṣọ́
tí Tíṣà Oyèékànmí kọ òwe àwọn Gẹ̀ẹ́sì sára pátákó,
pé òjò kì í rọ̀ lásán,
bó bá ti rọ̀, dídà ló ń dà.
Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ibi kì í dá rìn,
kó tó kan ilẹ̀kùn, ó ti kó ẹbí rẹ̀ sẹ́yìn.

Mo nawọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, sà,
kí ni òjò fi jọ ibi?
Ní Ìjerù, bí òjò bá dà,
baba mi á ṣí fìlà, á dúpẹ́.
Ọ̀dá là ń pè ní ibi."
Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó ní ìlú wọn tutù,
oòrùn ni wọ́n ń tọrọ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ti rí ọ̀rọ̀ yẹn rí,
lára agolo kan nínú àpótí ìyá mi,
agolo búlúù tí Mísìs Kárúù, nọ́ọ̀sì òyìnbó,
fún un lọ́dún tó ń fọṣọ ní ọsibítù àwọn Onítẹ̀bọmi.
Ọmọbìnrin kan wà lára rẹ̀, ó di agbòjò mú,
ó há agolo iyọ̀ mọ́ abíyá,
iyọ̀ ń dà sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò mọ̀.
Ìyá mi ò mọ̀wé. Ohun tí òyìnbó sọ ló dì mú:
"Bí òjò ń rọ̀, iyọ̀ yìí á ṣì máa dà."
Ìpolówó ọjà ni.
Mo délé, mo ní, "Ìyá, èpè ni wọ́n kọ sára agolo yín."
Ó wò mí títí. "Ta ló ń fi iyọ̀ ṣépè?"

Ọdún yẹn náà ni.
Baba mi já bọ́ lórí igi kajú lọ́nà Ìkòyí-Ilé,
egungun itan dá.
Kò tíì sun oorun ọjọ́ kejì ní ọsibítù
tí atẹ́gùn fi ká páànù ilé wa bí ẹni ká ẹní.
Jímọ̀ káfíńtà gba owó páànù,
ó gba ọ̀nà Ìlọrin, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́.
Bàtà mi la ẹnu. Ìyẹn ò tó nǹkan,
àfi pé ọjọ́ tó la ẹnu ni wọ́n pè mí síwájú ìjọ láti ka Bíbélì.
Ewúrẹ́ jẹ rìsíìtì owó ilé-ìwé.
Eèrà wọ gààrì.
Mo wá rántí tiwa, èyí tí Tíṣà ò kọ:
bí ìyà ńlá bá gbéni ṣánlẹ̀,
kékèké a máa gorí ẹni.
Ìjàkadì ni tiwa. Òjò ò mọ orúkọ ẹnìkan,
ẹni eji bá rí leji ń pa;
ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ọ ṣánlẹ̀ ti kọ́kọ́ wo ojú rẹ,
àwọn kékèké tó gun àyà rẹ mọ oríkì ilé yín.
N ò mọ èyí tó sàn níbẹ̀.

Alẹ́ kan, lóṣù kẹsàn-án,
a ti ta tàpólì sórí igi àjà, ó ń jò síbẹ̀síbẹ̀.
Baba ti dé, ó na ẹsẹ̀ tí wọ́n fi símẹ́ǹtì ọsibítù dì.
Ẹ̀wà wà lórí iná, kò síyọ̀ nílé.
Ìyá mi lọ ṣí àpótí, ó gbé agolo jáde,
iyọ̀ tó ti ń tọ́jú láti ìgbà Mísìs Kárúù.
Ó dorí rẹ̀ kodò.
Òjò ń dà.
Iyọ̀ ò dà.
Ó gbọ̀n ọ́n. Ó lù ú nídìí.
Ìdérí fò yọ,
iyọ̀ já lulẹ̀ gbì, odindi, bí òkúta.
Baba mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀rín náà dùn ún wọ egungun,
ó ń ké "yéè," ó ń rẹ́rìn-ín lọ.
Ìyá mi ò bá wa rẹ́rìn-ín.
Ó gbé ọmọ ọlọ, ó jókòó ti òkúta náà,
ó ń fọ́ ọ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀wà yẹn níyọ̀ jù.

Agolo ti dọwọ́ mi báyìí, bọ́tìnnì ni mo kó sí i.
Ìpẹtà ti jẹ gbogbo ọ̀rọ̀ ara rẹ̀,
ó ku agbòjò àti ẹsẹ̀ méjì.
Kí ìyá mi tó lọ, ó a máa bi mí,
"Ọmọ yìí, nínú irú òjò báyìí,
ta ló rán an níyọ̀?"